Ọjọ́ Tí Òyìnbó Wá Wádìí Ẹ̀gbọ́n Mi

Èmi ni mo rán ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí òkè òkun láti lọ gba dìgírí kejì nínú iṣẹ́ ẹnjiníà. Ẹnu mi yìí ló ṣe é. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, mo sọ ọ́ ní Òkèhò, mo tún sọ ọ́ fún ọkùnrin kan nínú mọ́tò tó ń lọ Ṣakí, ó sì ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi nítorí ẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bó ṣe rí gan-an: ẹnu mi yìí ló fẹ́ẹ̀ dá a dúró sílé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣẹ́ tí mo bá a ṣe ò ju pé mò ń gun kẹ̀kẹ́ gbé lẹ́tà ẹ̀ lọ sí pósófíìsì, kẹ̀kẹ́ ọ̀hún náà kì í sì í ṣe tèmi.

Ìwé tèmi, fọ́ọ̀mù tírì ni mo ti já a sílẹ̀. Ẹ má rò pé owó ni kò sí o. Sòbìà ló mú mi lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá gbé Òkè Ògùn láyé ìgbà yẹn mọ̀ ọ́n: aràn gígùn tí èèyàn máa ń mu mọ́ omi adágún, tó bá wá pẹ́ lára, á gba ẹsẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń fa òwú yọ, onítọ̀hún ò sì ní lè tẹ ẹsẹ̀ ọ̀hún mọ́lẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdajì kíláàsì wa ló máa ń wà nílé nítorí ẹ̀. Sòbìà àwọn yòókù tán, wọ́n padà sílé ìwé. Sòbìà tèmi tán, mo ní ẹsẹ̀ ṣì ń dùn mí. Ẹsẹ̀ yẹn dùn mí títí wọ́n fi yọ orúkọ mi kúrò nínú rẹ́jísítà. Àmọ́ kò dùn mí rí lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà.

Sòbìà mú ẹ̀gbọ́n mi náà, ẹsẹ̀ méjèèjì ló mú un. Ìdí ló fi ń wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà kó lè rí ìmọ́lẹ̀ fi kàwé. Ohun tó sì ń bí i nínú kì í ṣe ìrora. Ohun tó ń bí i nínú ni pé gbogbo wa mọ ibi tí aràn yẹn ti ń wá, a sì tún ń gbé korobá lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Ìbínú yẹn ló gbé wọ yunifásítì, tó fi di obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ọkùnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tó jáde, ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ ti omi nìkan: bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe ń fà á wálé, bí ìlú tí odò ẹ̀ máa ń gbẹ ṣe lè rí i mu láìmu aràn mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ débi tó ń fẹ́ yẹn, òkè òkun ni. Ibo la ti fẹ́ rówó òkè òkun? Bàbá wa ahunṣọ ni wọ́n.

Àwọn tó ṣáájú ẹ̀ ní yunifásítì, owó epo ń ṣàn nígbà tiwọn. Ìjọba ló ń wá wọn kiri pé kí wọ́n wá gba sikọ́láṣíìpù. Nígbà tó fi máa kan ẹ̀gbọ́n mi, ìjọba ní kò sówó mọ́, ká máa fi ọkàn balẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá jókòó, wọ́n ń kọ lẹ́tà kan náà sí gbogbo ilé iṣẹ́ tó bá ṣáà ti ní àdírẹ́sì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ọmọ tálákà ni mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn tó ń fúnni lówó ìwé kì í wá ẹni tí wọ́n máa ṣàánú. Iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn, ẹni tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Láíbìrì ló kọ́kọ́ gbà lọ. Ó wá ìwé àwọn purofẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi, ó kà á, ó wá kọ̀wé sí àwọn gan-an. Kò tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè ló ń bi wọ́n.

Mo ní, "Òyìnbó ò mọ̀ ẹ́ rí, ọ̀rọ̀ aràn lo sì fẹ́ fi kí wọn?"

Ó ní, "Gbé lẹ́tà yẹn lọ, aláìníṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ni o, àmọ́ inú àwo kan la ti jọ jẹun dàgbà, n kì í pè é ní ẹ̀yin. Òun náà kì í fi mí pe èèyàn.

Àwọn kan ò dáhùn rárá. Àwọn kan ní ọmọ ìlú tiwọn nìkan làwọn ń fún. Ọ̀kan ní òun á san owó ilé ìwé, àmọ́ òun ò mọ̀ nípa owó ọkọ̀ òfurufú, òun ò sì mọ̀ nípa oúnjẹ. Mo ní kó gbà á bẹ́ẹ̀, kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ, kó máa gbààwẹ̀ tó bá débẹ̀. Òmíràn kọ̀wé dáadáa, àmọ́ "Ọ̀gbẹ́ni" ló pè é. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé obìnrin lòun. Wọn ò kọ̀wé mọ́. Ọjọ́ yẹn, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Purofẹ́sọ̀ kan ló wá dáhùn, òun náà bi í ní ìbéèrè padà. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún un pé òun ń fi aṣọ tí bàbá òun hun sẹ́ omi. Purofẹ́sọ̀ ní báwo ni aṣọ yẹn ṣe ki tó? Ṣé ó máa ń sanra tó bá mu omi? Wọ́n ń kọ̀wé síra wọn báyẹn, kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ń jẹ lọ lábẹ́ mi, títí tí purofẹ́sọ̀ fi bá a gba àyè nílé ìwé tiẹ̀, tó wá sọ fún un pé àjọ kan wà tó ń gbé gbogbo ìnáwó ẹni tó bá fẹ́ kàwé lórí omi abúlé: owó ìwé, oúnjẹ, ọkọ̀ òfurufú, gbogbo ẹ̀. Ó ní kó kọ̀wé sí wọn. Ó kọ ọ́. Wọ́n yọ àwọn kan dànù, wọn ò yọ ọ́. Ó ku ohun kan.

Àjọ yìí ní àṣà tiwọn. Wọn kì í fún èèyàn lówó àfi tí wọ́n bá fojú ara wọn rí iṣẹ́ ẹ̀ níbi tó ti ń ṣe é, kí wọ́n sì bá àwọn ará ilé ẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí òun níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn rí: wọ́n mú ọmọbìnrin kan lọ, ó kàwé dé ìdajì, bàbá ẹ̀ pè é wálé wá lọ́kọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn òbí fẹ́ kó lọ, bóyá wọ́n á sì jẹ́ kó parí. Òyìnbó kan máa wá. Bàbá wa ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ta ló máa túmọ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi wò yíká agbo ilé, ó wá ẹlòmíì tì. Ó bú sẹ́kún díẹ̀, ó nu ojú, ó wá pè mí.

Ìdí wà tó fi sunkún. Kò tíì pẹ́ nígbà yẹn tí ọkùnrin kan tó ń ta òwú wá sọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ, àwọn èèyàn ní kí n bá a túmọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbẹ létí mi, mo bá fi díẹ̀ kún un. Mo ní ọ̀fẹ́ ni òwú tó kó wá. Nígbà tó béèrè owó, bí kì í bá ṣe pé mọ́tò ẹ̀ wà nítòsí tó fi sá lọ, wọn ì bá ti lù ú pa.

"Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o sọ," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Má fi iyọ̀ sí i, má yọ ata kúrò níbẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Búra."

"Wàláhì."

"Búra dáadáa."

Mo búra dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa Bàbá wa. Sányán tí wọ́n ń hun, àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá rà á. Àmọ́ wọn kì í yin aṣọ tó bá ṣì wà lórí òfì. Kò sóhun tẹ́ ẹ lè fún wọn, wọn ò ní yìn ín. Oníbàárà á wá, á ní, "Bàbá, iṣẹ́ yìí dára o." Bàbá á ní, "Èwo? Àkísà yìí?" Bí aṣọ bá ṣe dára tó ni èébú ẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. Wọ́n ní ohun tí òwú ẹ̀ ṣì lè já, èèyàn kì í fi han ayé. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé e kúrò lórí òfì, tí wọ́n ká a, ẹnu á wá yí padà: "Ọba ló yẹ!"

Aṣọ funfun tí wọ́n hun fún àgbá tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń sẹ́ omi, èébú ló jẹ kú. Wọ́n hun ún le débi pé, bí ẹ bá gbé e sẹ́nu, agbára káká ni èémí yín fi máa gbà á kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ àgbá, ó da yanrìn lé e, ó da òkúta wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lé ìyẹn, ó gbẹ́ ihò ẹ̀rọ sí abẹ́ ẹ̀. Látìgbà tí a ti ń mu omi àgbá yẹn, sòbìà ò mú ẹnikẹ́ni mọ́ nínú agbo ilé wa. Àwọn ará àdúgbò náà ti ń gbé ìkòkò wá. Bàbá ń pe àgbá yẹn ní ìdọ̀tí.

Tèmi yàtọ̀. Bàbá kì í bú mi. Látìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú kan lẹ́nu wọn. Mo bá jí, wọ́n á ní, "Ọmọ dáadáa." Mo bá bá wọn ká òwú, kódà tó bá ta kókó, wọ́n á ní, "O ṣeun, ọlọ́wọ́ ire." Mo máa ń fi ṣe fáàrí fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ìwọ tó gba dìgírí, kí ni wọ́n pè ẹ́ láàárọ̀ yìí?"

Òyìnbó dé lọ́jọ́ ọjà. Àgbàlagbà ni, ó tínínrín, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, òun fúnra ẹ̀ ló wa lándróòfà ẹ̀. Ó yí àgbá po, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún. Ó ní kí wọ́n bu omi adágún kó rí i, ó wo bó ṣe dọ̀tí tó. Wọ́n dà á sínú àgbá. Nígbà tó kán jáde lábẹ́, ó gba ife, ó gbé e mu tán. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ̀ pé ẹkún ni.

Òyìnbó wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi yọ̀ǹda wa. Ó lọ sílé ìyá oníyán, ibi tó ti lè máa rí ẹsẹ̀ wa lábẹ́ àtíbàbà òfì, àmọ́ tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Bàbá dá iṣẹ́ dúró, wọ́n mú tẹ̀súbà wọn. Òyìnbó mú bírò. Èmi mú ẹnu mi.

Ó ní kí n bi Bàbá pé irú ọmọ wo ni ọmọ yìí.

Bàbá ní, "Èwo? Olórí gbígbẹ yẹn? Kò mọ nǹkan kan."

Mo wo Bàbá. Mo wo òyìnbó. Mo rántí wàláhì. Mo ní Bàbá ní orí ọmọ náà gbẹ, kò mọ nǹkan kan.

Bírò dúró. Ó ní, ṣé kì í ṣe ọmọ yìí ló ṣe àgbá yẹn ni?

"Eré ọmọdé," Bàbá ní. "Ẹni tó bá ń mu omi ẹ̀, sùúrù ló ní."

Mo túmọ̀ ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi ò dára, àmọ́ ní ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́ ọ.

Ó ní tí àwọn bá mú un lọ, ṣé Bàbá á jẹ́ kó kàwé parí?

"Tó bá lè parí ẹ̀! Alágídí. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi dá a padà fún wa." Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́nu, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà ń bọ́ ní ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè wọn ń mì. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún ẹni tí wọ́n ń bú. Mo rí i. Òyìnbó ò rí i, ìwé ló ń wò. Àdúrà yẹn kò sì sí nínú ohun tí mo búra pé máa túmọ̀.

Mo túmọ̀ ìyókù. Gbogbo ọjọ́ ayé mi tí mo ti ń parọ́ kiri, n ò rí i kó pa ẹnikẹ́ni lára títí kan olówùú. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní òótọ́ ni máa sọ, òótọ́ ń sin ẹ̀gbọ́n mi lójú mi. Òyìnbó ti dé bírò ẹ̀. Ó ń wo ìsàlẹ̀, bí ẹni tó rí nǹkan tó bà á lọ́kàn jẹ́. Ó dìde.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ọgbọ́n o, ìbẹ̀rù ni. Mo ní mo búra pé mi ò ní fi kún ọ̀rọ̀ Bàbá. Mi ò búra pé mi ò ní bi Bàbá ní nǹkan. Mo na ọwọ́ sí sányán tó wà lórí òfì.

"Bàbá, aṣọ yìí ńkọ́?"

Wọ́n wò mí bíi pé ojú oòrùn ti pa mí. "Ṣé o ò ríran ni? Àkísà. Kò tó fi nu ẹsẹ̀."

Mo sọ ọ́ lédè òyìnbó. Òyìnbó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan aṣọ yẹn, ó tún fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Mo sáré wọlé, mo gbé èyí tí wọ́n gé lọ́sẹ̀ tó kọjá, òwú kan náà, ọwọ́ kan náà.

"Èyí ńkọ́, Bàbá?"

"Màṣá Àllà!" Ojú Bàbá tàn. "Ìyẹn? Ẹni tó bá wọ ìyẹn jáde, kí wọ́n máa yà fún un lọ́nà. N ò hun irú ẹ̀ rí láyé mi."

Mo túmọ̀ ẹ̀. Òyìnbó wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo ti orí òfì. Ó tún wo ti ọwọ́ mi. Ó yí ojú ẹ̀ sí ilé ìyá oníyán, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi dúró sí. Ó wá jókòó padà, ó ṣí bírò.

Mo mí kanlẹ̀. Mo ní mo ti ṣe é. Inú mi ń dùn lọ báyẹn ni òyìnbó bá fi ìdí bírò tọ́ka sí mi. Ó ní, ọmọkùnrin yìí ńkọ́?

Mo bi Bàbá. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sílẹ̀ dè é.

"Èyí?" Bàbá ní. Wọ́n gbá mi lẹ́yìn. "Ọmọ dáadáa ni. Ọlọ́gbọ́n ni. Kò ní àléébù kankan."

Mo la ẹnu láti túmọ̀ ẹ̀, mo bá wo ọwọ́ mi. Aṣọ tí wọ́n ti gé ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òyìnbó ń dúró. Mo ti búra, mo bá sọ ọ́ tán: ó ní ọmọ dáadáa ni mí, ó ní mo gbọ́n, ó ní n kò ní àléébù. Ohùn mi ti kéré bí ti ẹ̀fọn. Òyìnbó ò rẹ́rìn-ín. Ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá sàn fún mi. Ó rọra mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó bọ Bàbá lọ́wọ́, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi sáré dé. "Kí ni wọ́n sọ?" Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láìfi iyọ̀ sí i. Ìgbákọ tó wà nítòsí ló fi lé mi dé ojú títì. Ìgbà tó lé mi bá, kò nà mí mọ́. Mo ti jókòó sílẹ̀, mi ò sá.

Ó ní, "Kí ló ṣe ẹ́?"

Mo ní, "Kò sí."

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, iṣu ti ń yọ ọwọ́, kí lẹ́tà tó dé. Wọ́n fún un. Owó ìwé, oúnjẹ, ọkọ̀ òfurufú, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ń fò sókè láàárín agbo ilé, àwọn obìnrin ń bá a yọ̀. Bàbá ní, "Ẹ má pariwo. Ó ní láti jẹ́ pé ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí." Wọ́n bọ́ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní kí wọ́n din àkàrà fún gbogbo ọmọ àdúgbò, sàráà ni. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ní ibùdókọ̀, wọ́n fi aṣọ funfun ti àgbá kan lé e lọ́wọ́, tuntun. Wọ́n ní, "Òtútù á lé ìwọ wálé. O ò ní ìfaradà." Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Ilé wá pa rọ́rọ́. Kò sí lẹ́tà tí mo fẹ́ gbé mọ́, oníkẹ̀kẹ́ sì ti gba kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà ni mo ń jókòó sí, mò ń bá Bàbá ká òwú, wọ́n ń yìn mí. Òwú já, wọ́n ní ọlọ́wọ́ ire. Mo sùn síbi iṣẹ́, wọ́n ní ọmọ dáadáa, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Tẹ́lẹ̀, oyin ni ọ̀rọ̀ yẹn létí mi. Ó ti wá ń rí bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ pa aṣọ tó wà nínú àpótí, èyí tí wọn ò tún ní hun nǹkan kan kún mọ́.

Ó pẹ́ tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì kí n tó sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kọ̀ ìhunṣọ ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́wọ́ Bàbá, sányán tuntun ló wà lórí òfì. Mo ní, "Bàbá."

"Ọmọ dáadáa."

"Mo fẹ́ padà lọ sílé ìwé. Láti fọ́ọ̀mù tírì. Àwọn ọmọdé á bá mi jókòó, mo mọ̀. Mo fẹ́ ṣe ìdánwò yẹn."

Ọ̀kọ̀ ò dúró. Bàbá ò gbé ojú sókè.

"Ìwọ? Òpònú. O ò ní yege."